Màlúù Mẹ́tàlélọ́gọ́ta tí Alága Ní Kò Gbọdọ̀ Kú

Ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí, nítorí pé orúkọ ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ ní ìdúró. Olóyè Alàgbà Nathaniel Mákindé, Baba Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, Ààrẹ àná fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀rẹ́ Gbogbo Àgbẹ̀, Alága Àjọ Wàrà Màlúù fún Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì. Mo ti fo díẹ̀. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ má fo ìkankan o. Akọ̀wé kan ní Ìjerò gbàgbé “Alàgbà” nínú lẹ́tà lọ́jọ́ kan, wọ́n fún un ní kúẹ́rì, ó sì kọ èsì ojú ìwé mẹ́rin láti fi ṣàlàyé pé kò sí ìkórìíra kankan nínú ọkàn òun.

Ìjọba ló dá àjọ náà sílẹ̀. Wọ́n kó màlúù òyìnbó mẹ́tàlélọ́gọ́ta wá, àwọn dúdú-òun-funfun tí ọmú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, wọ́n pín wọn fún àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ní Ìjerò, Ìkòrò, Ìlogbò àti Ẹ̀fọ̀n, pé kí wọ́n máa sìn wọ́n, kí wọ́n máa fún wàrà wọn. Ní àràárọ̀, ọkọ̀ àjọ a yí gbogbo ìlú náà ká láti gba wàrà jọ. Olóyè Mákindé kò fọwọ́ kan màlúù rí láyé rẹ̀, àfi èyí tó ti wà nínú ọbẹ̀. Ìyẹn kò dí i lọ́wọ́. Lójú tirẹ̀, ìmọ̀ màlúù a máa bá àga alága wọlé ni.

Ó ní olùrànlọ́wọ́ kan tó ń jẹ́ Peter. Iṣẹ́ tí ìjọba kọ sínú ìwé fún Peter ni kó máa tọ́jú fáìlì. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kó máa sọ pé, “Ẹ ò purọ́, sà.” A máa sọ ọ́ kí Olóyè tó parí ọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, a sọ ọ́ kí Olóyè tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú àjọ yìí kan náà ni dókítà ẹran kan wà, Motúnráyọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Aramọkọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lo oṣù mẹ́fà nídìí kọ̀ǹpútà, ó sì kó màlúù mẹ́tàlélọ́gọ́ta sínú rẹ̀. Kì í ṣe àwòrán o, màlúù oníṣirò ni. Ó kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé, ọjọ́ orí rẹ̀, èyí tó lóyún, àwọn tó jọ ń mumi lójú kan, àti ọ̀nà tí ọkọ̀ wàrà ń gbà. Lẹ́yìn náà, yóò ju àrùn kan sáàárín wọn, yóò jẹ́ kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan, yóò sì ka iye tó ṣàìsàn àti iye tó kú. Ó ṣe é nígbà ẹgbẹ̀rún, ó ń yí èyí padà, ó ń yí tọ̀hún padà, kó lè mọ ohun tó yẹ kí àwọn èèyàn ṣe kí àrùn tó dé. Èrò rẹ̀ ni pé kí màlúù kú nínú kọ̀ǹpútà kí ti inú ọgbà lè yè. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú mi dùn, mo sì ṣèbí bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dùn mọ́ gbogbo èèyàn.

Ọjọ́ tó gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀ ní Ìjerò, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti kíkí àwọn èèyàn pàtàkì gba ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta. Lẹ́yìn náà ni Alága dìde, ó tún agbádá rẹ̀ kó séjìká.

“Wàrà!” ló wí. “Kí ni wàrà? Ẹ má dá mi lóhùn. Wàrà ni a kọ́kọ́ mu kí a tó mọ orúkọ ara wa. Orílẹ̀-èdè tí kò ní wàrà, ọmọ òrukàn ni. Mo ti rò ó lóru, mo ti rò ó lọ́sàn-án, mo rí i pé Ọlọ́run ló fi mí ṣe ìyá ọmọ òrukàn yìí.”

“Ẹ ò purọ́, sà,” ni Peter wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, wọ́n fún Motúnráyọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ní àrùn ẹnu-òun-ẹsẹ̀ ti wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wa ká. Egbò a yọ sí màlúù lẹ́nu àti lábẹ́ pátákò, wàrà rẹ̀ a gbẹ, ọmọ rẹ̀ a kú. Òfin méjì péré ni ìṣirò òun gbé jáde: màlúù àjèjì tó bá wọ̀lú, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, àwọn màlúù tó ti wà nílẹ̀, kí wọ́n má kó wọn jọ sójú kan.

“Bí a bá pa méjèèjì mọ́, bóyá méjì ló máa kú,” ló wí. “Bí a kò bá pa wọ́n mọ́, yóò wà láàárín mẹ́rìndínlógún sí méjìlélógún.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” ni Alàgbà Isaac, àgbà inú ìgbìmọ̀, pariwo. Gbogbo ilé yí ọwọ́ ká orí, wọ́n ta ìka dànù. “Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ. Dókítà, ẹ ti tètè ń gbẹ́ sàréè ẹran tó ṣì ń jẹ koríko.”

Olóyè Mákindé gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún lọ́kàn ní tòótọ́. Òun ni wọ́n fi jẹ Alága, ẹnìkan wá dúró níwájú òun ó ń ka òkú.

“Mẹ́rìndínlógún sí méjìlélógún,” ló wí. “Ìyẹn ni pé kò tiẹ̀ dá kọ̀ǹpútà yín lójú.”

“Kì í ṣe aríran, sà. Ibi tó ṣeé ṣe kó bọ́ sí ló ń sọ.”

“Ẹ gé e kù.”

“Sà?”

“Mo ní kí ẹ gé e kù. Ẹ fi sí mẹ́wàá.”

Alàgbà Isaac ní mẹ́wàá ti wọ́n jù, kí wọ́n tún gé e sí i, kó jẹ́ mẹ́ta. Ẹnìkan láti Ẹ̀fọ̀n bi wọ́n léèrè pé ta ni nínú wọn tó fẹ́ kí tirẹ̀ wà nínú mẹ́ta náà. Kò sẹ́ni tó fẹ́. Wọ́n ná an títí ó fi di ẹyọ kan, ẹyọ kan náà sì ń tì wọ́n lójú. Alága dábàá òdo, Alàgbà Isaac kín in lẹ́yìn, akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé báyìí pé: *Ìgbìmọ̀ fẹnu kò pé láti òní lọ, ikú màlúù di òdo.* Wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé mo ń ṣàfikún, ìwé náà ṣì wà.

“Mo lè kọ òdo síbẹ̀, sà,” ni Motúnráyọ̀ wí, “ṣùgbọ́n àrùn ò ní ka ìwé ìpàdé wa.”

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. “Dókítà, àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.”

“Àìsàn náà ni mo ní ká wò, sà.”

Wọ́n ní kó jókòó.

Bí màlúù inú kọ̀ǹpútà ṣe rí ìyè àìnípẹ̀kun gbà nìyẹn. Wọ́n ń bí, wọn kò kú. Nígbà tí ó di ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún nínú ìṣirò náà, wọ́n ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Nígbà tó máa fi di ọgbọ̀n ọdún, kò sí ibi tí ará Ìjerò máa gbin iṣu sí mọ́. Olóyè Mákindé gbé èyí lọ sórí rédíò ní Adó. Ó ní kọ̀ǹpútà ti jẹ́rìí sí iṣẹ́ òun. Ó wá pàṣẹ Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Wàrà: kí gbogbo màlúù mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gọ́ta pé jọ sí pápá ilé-ìwé kan ní Aramọkọ, kí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kọjá níwájú òun àti àwọn àlejò láti Adó, kí ìwo kọ̀ọ̀kan ní ríbọ́ọ̀nù.

Ní Ìkòrò, Màmá Deborah Àjàyí gba sákúlà tó gbé àṣẹ náà wá lọ́wọ́ awakọ̀ wàrà. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní màlúù mọ́kànlá, orúkọ obìnrin inú Bíbélì ló sì fi sọ gbogbo wọn. Lórí wàrà wọn ni òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ méjì gbára lé. Ó tẹ Motúnráyọ̀ láago, ìyẹn ní kó má kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n sákúlà náà ní ẹni tí kò bá wá, ọkọ̀ kò ní yà ní ilé rẹ̀ mọ́. Wàrà tí ọkọ̀ kò bá sì gbé ní òwúrọ̀, ilẹ̀ ni yóò mu ún. Ó sì ti pé ọdún márùndínlógójì tí Màmá ti ń gbọ́ràn sí sákúlà lẹ́nu. Ó wẹ̀ fún màlúù mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ó kó wọn lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́ ni akọ màlúù kan dé nínú ọkọ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọlọ́lá kan ló fi ta Alága lọ́rẹ. Ó tóbi, ó ń dán, Alága sì ti sọ ọ́ ní Olóyè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Motúnráyọ̀ sá wá pẹ̀lú bàtà róbà lẹ́sẹ̀. Ó ní òun ti ṣe ọgbà kan lẹ́yìn Ìlogbò, ibẹ̀ ni kí wọ́n mú un lọ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún.

“Àlejò!” ni Olóyè Mákindé wí, bí ẹni tí ojú ń tì nítorí gbogbo Èkìtì. “Ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ọ̀nà jíjìn, kí n fi sẹ́yìn ìlú bí ẹni tó jalè? Ta ló kọ́ yín nílé? Omi la kọ́kọ́ ń fún àlejò.”

Wọ́n fa akọ màlúù náà lọ síbi ọpọ́n omi gbọọrọ tí àwọn yòókù máa mu. Ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní fọ́nrán-fọ́nrán. Peter ní ó ń dúpẹ́ ni. Ó ń gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ó ń gbé e sílẹ̀. Peter ní ó ń jó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni màlúù mẹ́tàlélọ́gọ́ta mu omi kan náà, ọ̀wọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, nítorí pé oòrùn mú.

Màmá Deborah dúró ti ọpọ́n náà. Òun ló kọ́ Alága ní kíláàsì kẹta ní Ìkòrò, nígbà tí Alága ṣì ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

“Nathaniel,” ló pè é.

“Olóyè Alàgbà, mà,” ni Peter tún un ṣe.

“Nathaniel, ẹran yìí í ṣàìsàn. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Wo unú ẹnu rẹ̀.”

Alága wo ọ̀nà tí àwọn àlejò Adó ń gbà bọ̀. “Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. A ti sọ ọ́ di òdo.”

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìdúpẹ́, màlúù méjì ní Ìlogbò kọ oúnjẹ. Peter mú ìròyìn wá pé wọ́n ń gbààwẹ̀. Ní ọjọ́ keje, ààbọ̀ wàrà ni ọkọ̀ gbé dé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, kẹ́ẹ̀gì kan. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ bọ̀, kò gbé nǹkan kan dé bí kò ṣe eruku. Eruku nìkan kọ́ ló sì ń gbé káàkiri, nítorí pé láti ọgbà aláìsàn ló ti ń lọ sí ọgbà aláàfíà, kò fọ táyà.

Olóyè Mákindé lọ sí ọ́fíìsì Motúnráyọ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí. “Ẹ bi kọ̀ǹpútà léèrè,” ló wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ kọjá. Òdo.

“Ẹ ò rí i?” ni Alága wí.

“Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́.”

Ẹ̀rù bà á nígbà yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù bà á, nítorí pé kì í ṣe òmùgọ̀ pátápátá, ì bá sàn kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Motúnráyọ̀ gbé lẹ́tà kan síwájú rẹ̀. Lẹ́tà náà ní kí màlúù kankan má kúrò lójú kan, kí ọkọ̀ wàrà dúró, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọgbà fi omi apakòkòrò fọ bàtà. Ìbuwọ́lù kan ló kù. Ó ní òun ti fi lẹ́tà náà sínú ìṣirò ti àtijọ́, èyí tí òun kò gé. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i lónìí, ọgbà tó wà ní Ìkòrò ṣì lè bọ́, torí pé ibẹ̀ ni àrùn ò tíì fojú hàn.

Alága mú báírò. Ó rò ó pé bí òun bá fọwọ́ sí i, òun ti gbà pé àrùn wà nìyẹn. Lẹ́tà ìdúpẹ́ láti Adó kò sì tíì dé. Ó ní òun á gbé e yẹ̀ wò, ó mú un lọ, ó tì í bọ dúrọ́ọ̀. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, lẹ́tà náà ń sùn níbẹ̀. Inú bí mi níbi yìí, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Gbogbo ìwà ẹ̀fẹ̀ tó hù ṣáájú, mo lè fi rẹ́rìn-ín. Ti dúrọ́ọ̀ yìí, mi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Àwọn ọmọ màlúù ló kọ́kọ́ ń ṣubú, wọ́n á mu ọmú tán, wọ́n á dà wó. Nínú ọ́fíìsì Ìjerò, wọn kò jẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Peter ṣe ìwé tuntun, ó sì fi òye iṣẹ́ ìjọba kọ ọ́ pé: *Màlúù méje ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.* Alága fọwọ́ sí ìyẹn kíá.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí lẹ́tà ti ń sùn nínú dúrọ́ọ̀ ni Màmá Deborah gun ọ̀kadà láti Ìkòrò wá sí Ìjerò. Kò jókòó.

“Nathaniel, Rúùtù ti kú. Ẹ́sítérì kú lánàá.”

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, a kì í lo ọ̀rọ̀ yẹn ní ọ́fíìsì yìí.”

“Ọ̀rọ̀ kí lẹ wá ń lò?”

Peter na ìwé náà sí i. “Wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni, mà.”

Màmá kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀, bí ó ti í ṣe fún ọmọ kíláàsì.

“Èmi náà ti fẹ̀yìn tì,” ló wí. “Ṣé mo ń rùn?”

Ó fi ìwé náà sórí tábìlì, ó padà lọ sí ulé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe wí fún ọlọ́kadà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Motúnráyọ̀ fò kọjá orí Alága, ó kọ̀wé sí Adó.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyáàfin Ẹ̀yínadé, obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀, ló ṣáájú wọn. Ó ní àwọn kò jókòó nínú gbọ̀ngàn, ọgbà tí òkú pọ̀ sí jù ni àwọn máa jókòó. Ìyẹn ni ilé Màmá Deborah ní Ìkòrò. Wọ́n to àga sábẹ́ igi, wọ́n bu omi apakòkòrò sínú abọ́ fún gbogbo ẹni tó wọlé láti ki ẹsẹ̀ bọ̀, títí kan Olóyè Alàgbà, tó ki bàtà aláwọ dídán rẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ó fi ìṣẹ́jú ogún dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà ló tan òun, òun gbára lé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, àgbà tó bá gbára lé ọmọdé á rí nǹkan. Ó dákẹ́, ó ń retí ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀. Peter ti lọ dúró lẹ́yìn àga Ìyáàfin Ẹ̀yínadé.

Motúnráyọ̀ tan kọ̀ǹpútà. Ó fi ìṣirò tí kò gé hàn wọ́n, ó sì fi èyí tí ìgbìmọ̀ ná hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé ka ìwé ìpàdé sókè, láti orí mẹ́wàá dé orí mẹ́ta dé orí òdo, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dábàá àti ẹni tó kín in lẹ́yìn. Alàgbà Isaac ní ọjọ́ náà òun kò gbọ́ràn dáadáa. Ìyáàfin Ẹ̀yínadé béèrè lẹ́tà tó wà nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n mú un jáde, funfun nini, láìsí ìbuwọ́lù.

“Ìwé tó gba ipò lọ́wọ́ yín wà nínú fáìlì mi, sà,” ló wí. “Kí n tó fún yín, ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kọ. Màlúù mélòó ló kú nínú ọgbà yìí?”

Olóyè Mákindé tún agbádá kó séjìká. “Ìyáàfin wa ọ̀wọ́n, bí a bá wo ọ̀rọ̀ iye ní àwòfín, a ó rí i pé iye…”

Màmá Deborah dìde. Ó mú un lọ́wọ́, ó mú un lọ sẹ́yìn ilé, gbogbo èèyàn sì tẹ̀ lé wọn. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n rí níbẹ̀, ńlá àti kékeré, wọ́n da ẹfun sórí wọn. Màlúù méjì péré dúró nídìí ọgbà, egungun ìhà wọn hàn.

“Ùwọ Nathaniel,” ló wí, “ka wọn fún wọn.”

Ó wo ilẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ka wọn.”

Ó bẹ̀rẹ̀. “Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin.” Nígbà tó dé ibi òkìtì kékeré kan, ojú rẹ̀ fò ó. Ó kà dé òpin, ó ní, “Mẹ́jọ.”

“O fo Náómì,” ni Màmá wí. “Padà síbi ìbẹ̀rẹ̀.”

Ó padà. Agbádá já bọ́ léjìká rẹ̀, kò tún un kó. Ó ń na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ sí i, títí ó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kẹ́yìn, tí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù.

“Mẹ́sàn-án,” ló wí.

“Kí ló ṣe wọ́n?”

“Wọ́n ti…” Ó wo Peter. Peter ń wo ọ̀nà Ìjerò. “Wọ́n ti fi…”

“Nathaniel.”

“Wọ́n kú, mà.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Wọ́n kú. Mo ní lẹ́tà lọ́wọ́, mi ò fọwọ́ sí i. Wọ́n kú.”

Ìyáàfin Ẹ̀yínadé kọ ọ́ sílẹ̀, ó fún un ní ìwé tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa fáìlì rẹ̀ dé. Ó ní ohun tí àwọn wá gbọ́ láti Adó náà nìyẹn.